Ẹni Kejìlá Nínú Ìwé Àwọn Ọlọ́dún Kejì

Ọpẹ́ ni mo fi ṣáájú, nítorí ẹni tí Ọlọ́run dá sí títí ó fi lè jẹ́wọ́ ní gbangba, ó yẹ kó dúpẹ́ kó tó la ẹnu. Mo dúpẹ́ fún ojú tó ṣì ń ríran láì lo awò. Mo dúpẹ́ fún àwọn Fadá àti àwọn tíṣà ìjọ tó kọ́ mi níwèé, àti fún bàbá mi, olùkọ́ ìjọ wa ní Kabba, tó fi ìwé orin kọ́ mi ní kíkà kí n tó wọ ilé-ìwé rárá. Mo dúpẹ́ fún ọwọ́ ọ̀tún mi pẹ̀lú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ náà ni mo fẹ́ rojọ́ rẹ̀ níbí, tí ọjọ́ sì wà tí mo bi Ọlọ́run pé kí ló dé tó fi fún mi ní irú rẹ̀.

Ọwọ́ ìwé mi dára. Láti ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni bàbá mi ti ń gbé ìkéde ìjọ fún mi kọ: ẹni tó fẹ́ gbéyàwó, ẹgbẹ́ tó máa gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, ọjọ́ tí Fadá máa dé àwọn ìjọ abúlẹ̀. Mo máa ń kọ ọ́ gàdàgbà, pẹ̀lú àmì lórí ọ̀rọ̀, wọ́n á sì fi píìnì kàn án mọ́ pátákó ẹnu ọ̀nà. Lẹ́yìn Mísà, àwọn àgbà tó kọ́ ìwé kíkà ní kíláàsì ìrọ̀lẹ́ ti ìjọ, tí wọ́n lè ka Yorùbá ṣùgbọ́n tí wọn ò gbọ́ èèbó, á dúró níwájú pátákó náà. Wọ́n á fi ìka tọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ètè wọn á máa mì. Ìwé tí ọmọ Olùkọ́ bá kọ, wọ́n ní, àwọn ò nílò ẹni tó máa bá àwọn kà á.

Bàbá ọ̀rẹ́ mi wà lára wọn. Àgbẹ̀ ni, ará Òkè-Bùkún, ní Bùnú. Ó ti dàgbà kó tó mọ̀ ọ́n kà, kò sì fi í pamọ́ pé ohun tó dùn mọ́ òun jù láyé nìyẹn. Bó bá wá sí ìpàdé ìjọ ní Kabba, á dúró síwájú pátákó ìkéde lẹ́yìn tí gbogbo ènìyàn ti lọ, á ka ìgbéyàwó àwọn tí kò mọ̀ rí láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ọmọ méjì ló ní tó tó ilé-ìwé ńlá, ọ̀rẹ́ mi àti àbúrò rẹ̀ obìnrin, agbára rẹ̀ kò sì ká ju ẹnì kan lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Lójú èmi ló ṣe sọ fún ọ̀rẹ́ mi nígbà tí a fẹ́ wọ kíláàsì kejì pé, “Máa ka ìwé rẹ o. Ọjọ́ tí o bá tún ọdún ṣe nínú kíláàsì kan, o ti parí nìyẹn. Ìwọ á wá gba ọkọ́, àbúrò rẹ á gba àyè rẹ. Mo ti sọ ọ́ níwájú ẹbí, mi ò sì ní kó ọ̀rọ̀ mi jẹ.”

Ọ̀rẹ́ mi rẹ́rìn-ín. Kò sí ìdí tó fi yẹ kó bẹ̀rù. Orí rẹ̀ pé ju tèmi lọ.

Ọdún tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Kogi sílẹ̀ ni àwa méjèèjì wọ kíláàsì kìíní ní ilé-ìwé sẹ́kọ́ńdìrì ti ìjọ. A sùn lábẹ́ Ìlọrin, a jí lábẹ́ Lọ́kọ́ja. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń kó ẹrù bọ̀ wá sílé nínú ọkọ̀ akẹ́rù, àga lórí bẹ́ẹ̀dì, bẹ́ẹ̀dì lórí fìríìjì. Ní ilé-ìwé wa, páálí ìwé gígùn kan wà tí wọ́n ti tẹ àmì ìjọba Kwara sí lórí. Kò wúlò mọ́. Pírínsípà gbé e fún bàbá mi pé kí ìjọ máa fi ẹ̀yìn rẹ̀ kọ ìkéde, ṣùgbọ́n kí wọ́n má ṣe kọ nǹkan kan sí ojú rẹ̀ lábẹ́ àmì náà, nítorí ìwé ìjọba ni síbẹ̀.

Fadá òyìnbó kan tó ti padà sílùú rẹ̀ ti ri òpó irin mọ́ pápá wa fún bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀. Òpó kan ti wó. Èkejì ní òrùka irin lórí, kò ní àwọ̀n. Bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo tó kù bẹ́ lára wáyà ẹlẹ́gùn-ún ní táàmù wa àkọ́kọ́, kò sì sẹ́ni tó fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. A jókòó sábẹ́ òpó náà bí ìgbà tí ènìyàn ń ṣọ́ òkú. Ọ̀rẹ́ mi ló sọ pé, “Ṣé bọ́ọ̀lù ló bẹ́ ni, àbí orí wa?” Lọ́jọ́ kejì ó mú ìwé ìkọ̀wé tuntun kan wá pẹ̀lú dáìsì lúdò tó fà yọ níbì kan, ó sì dá líìgì sílẹ̀.

Àwa mẹ́ta la ń ṣe é. Ẹni kẹta ni ọmọ télọ̀ kan, Mùsùlùmí, ará Ògìdì. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù mẹ́rin la ní. Èmi ni mo ni Kabba, ọ̀rẹ́ mi ló ni Òkè-Bùkún, ọmọ télọ̀ ló ni Ògìdì. Kò sẹ́ni tó ni Mopa, ẹni tí kò bá ní ìdíje lọ́jọ́ náà ló ń ju dáìsì fún un. Agbábọ́ọ̀lù márùn-ún ló wà nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, orúkọ àwọn ọmọ kíláàsì wa la sì fún wọn. Orúkọ àwa fúnra wa náà wà níbẹ̀. Lórí ìwé, mo ga tó igi ọ̀pẹ.

Bí dáìsì bá já sí mẹ́fà, bọ́ọ̀lù wọ apẹ̀rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn, ó jẹ́ àmì mẹ́ta. Mẹ́rin tàbí márùn-ún jẹ́ àmì méjì. Méjì tàbí mẹ́ta, kò wọlé. Bó bá já sí oókan, wọ́n gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ rẹ, ojú tì ọ́. Sáà kan fún ọdún ilé-ìwé kan. Òfin kan tún wà tí ọ̀rẹ́ mi fi lélẹ̀: nínú kíláàsì, wọ́n ń na ẹni tó bá sọ Yorùbá, nítorí náà nínú líìgì, èèbó ni èèwọ̀. Gbogbo ohun tí a kọ sínú ìwé yẹn, Yorùbá ni, tó dára, tó ní àmì lórí.

Nígbà tí sáà kejì parí, méjìlá ló kù nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù tí a fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn yòókù ti kán lẹ́sẹ̀ tàbí kí wọ́n ti ṣí lọ, bí dáìsì bá ti wí. Àwọn méjìlá yìí la pè ní ọlọ́dún kejì. Ọ̀rẹ́ mi ní a gbọ́dọ̀ tò wọ́n láti orí ẹni tó dára jù dé orí ẹni ìkẹyìn. Ó ní kò sí ìṣirò tó ṣòro tó o. “Ní ọdún kìíní, orí ẹni ló ń gbá bọ́ọ̀lù fúnni,” ó ní. “Ní ọdún kẹta, a ti mọ̀ ọ́. Ọdún kejì ni a ń mọ̀ bóyá ọwọ́ ni tàbí orí.”

“Kogi gan-an, ọlọ́dún kejì ni,” ọmọ télọ̀ sọ. “Ipò kélòó la máa fi í sí?”

“Iná kò tíì dé ilé wa. Fi í sí ìsàlẹ̀,” ọ̀rẹ́ mi dá a lóhùn.

“Ìsàlẹ̀ kẹ̀? Yóò tún ọdún ṣe nìyẹn.”

Nítorí òfin wa ni pé ẹni kejìlá, ìyẹn ẹni ìkẹyìn nínú àwọn ọlọ́dún kejì, yóò padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n á pa gbogbo àmì rẹ̀ rẹ́, á sì tún wọlé bí ọlọ́dún kìíní. Ọ̀rọ̀ tí a máa ń lò fún un ni èyí tí gbogbo ilé-ìwé ń lò: yóò tún ọdún ṣe.

A jiyàn gan-an lórí bí a ṣe máa tò wọ́n. Ọmọ télọ̀ ní àpapọ̀ àmì ni ká wò, ó tán. Ọ̀rẹ́ mi kọ̀. Ó ní ẹnì kan lè kó àmì jọ lára Mopa tí kò sẹ́ni tó ni ín, kó sì máa gbọ̀n nígbà tí ìdíje bá le. Ó ní ká wo ohun tí ọwọ́ ẹni ṣe ní ìjù márùn-ún tó kẹ́yìn ìdíje, nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pàdánù. Bí a bá lo ti ọmọ télọ̀, orúkọ ọ̀rẹ́ mi ló ṣíwájú. Bí a bá lo tirẹ̀ náà, orúkọ rẹ̀ ló ṣíwájú. Èmi wà ní ipò kẹrin lọ́nà méjèèjì.

Ìdíje tó parí sáà náà, Kabba àti Òkè-Bùkún ló pàdé. Ó ku ìjù kan, èmi ni mo fẹ́ jù ú, fún agbábọ́ọ̀lù tó ń jẹ́ orúkọ mi. Mẹ́fà nìkan ló lè gbà mí. Dáìsì yí wọ abẹ́ àga. Mo bẹ̀rẹ̀ mú un, mo ní, “Mẹ́fà.”

Ọ̀rẹ́ mi ti tẹrí wo abẹ́ àga kí n tó mú un. “Mẹ́rin ni, ọmọ Olùkọ́.”

“Mẹ́fà ni mo rí.”

“Ojú tó ń ka Bíbélì fún ìjọ ló rí mẹ́fà yẹn, àbí òmíràn?”

Ọmọ télọ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Àwọn ọmọ tó ń wòran wà níbẹ̀, àwọn náà rẹ́rìn-ín, wọ́n sì gba ọ̀rọ̀ náà bí orin. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n fi ń bi mí bí mo bá ń kọjá pé, “Ọmọ Olùkọ́, mélòó lo rí?” Wọ́n ní kí n tún un jù. Mo tún un jù, oókan ló já sí.

Èmi ni wọ́n ní kí n kọ ìwé ìtòlẹ́sẹẹsẹ náà nítorí ọwọ́ mi. Mo mú bébà ìjọba kan nínú páálí tó wà lábẹ́ ibùsùn bàbá mi. N kò kọ ọ́ sí ẹ̀yìn bí mo ti ń ṣe fún ìkéde. Ojú rẹ̀ gan-an ni mo kọ ọ́ sí, lábẹ́ àmì ìjọba, nítorí mo fẹ́ kó lẹ́wà. Mo kọ ọ́ lókè pé: ÀWỌN ỌLỌ́DÚN KEJÌ, BÍ WỌ́N TI TẸ̀LÉ ARA WỌN. Mo fi orúkọ ara mi sí ipò kìíní. Mo to àwọn yòókù. Mo fi orúkọ ọ̀rẹ́ mi, orúkọ tirẹ̀ àti ti bàbá rẹ̀, sí ipò kejìlá. Mo fi rúlà fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, mo sì kọ ọ́ pé: Ẹni kejìlá yóò padà lọ tún ọdún ṣe.

Mo ti tún ọjọ́ náà rò lọ́pọ̀ ìgbà, kí n lè rí ibi tí ọwọ́ mi ti gbọ̀n. Kò gbọ̀n níbì kankan. Kò sí ìwé kan tó dára tó o nínú gbogbo èyí tí mo kọ lọ́dún yẹn.

Mo kàn án mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn kíláàsì wa lọ́jọ́ tí táàmù parí. Ọ̀rẹ́ mi kà á, ó wò mí, ó ní, “Ó dáa. Sáà tó ń bọ̀, dáìsì á bá ọ sọ ọ́.” Kò yọ ọ́ kúrò. Ọmọ télọ̀ ti bá ìyá rẹ̀ lọ sí Ògìdì láàárọ̀ ọjọ́ náà, kò rí ìwé náà rí. Èsì ìdánwò gidi kò tíì jáde, nítorí gbogbo tíṣà ló ti lọ sí Lọ́kọ́ja, níbi tí ìjọba tuntun ti ń yẹ ìwé ẹ̀rí wọn wò. Wọ́n ní tí wọ́n bá dé, wọ́n á pín káàdì èsì. Ọlọ́dẹ nìkan ló kù ní ilé-ìwé.

Lọ́jọ́ kejì ni bàbá ọ̀rẹ́ mi wá láti Òkè-Bùkún láti fi ọkọ̀ kó o lọ sílé, kúrò ní ilé ẹbí tó ń gbé ní Kabba. Ó kọ́kọ́ ya ilé-ìwé. Ó bi ọlọ́dẹ bóyá èsì ti jáde. Ọlọ́dẹ tí kò mọ̀wé ní òun ò mọ̀, ṣùgbọ́n òun rí ìwé kan tí wọ́n kàn mọ́ ilẹ̀kùn àwọn kíláàsì kejì lánàá.

Mo ti ń fojú inú wo bó ṣe dúró síwájú ilẹ̀kùn yẹn. Èsì tí ìjọba máa ń tẹ̀ jáde, èèbó ni, bí ewé ló rí lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí, Yorùbá ni. Àmì wà lórí rẹ̀. Àmì ìjọba wà lókè. Ọwọ́ tó kọ ọ́, ó mọ̀ ọ́n bó ti mọ ọ̀nà oko rẹ̀. Ó kà á fúnra rẹ̀, láì bẹ ẹnikẹ́ni, láti orí ẹni kìíní dé orí ẹni kejìlá.

Mo ń ṣa ẹ̀wà pẹ̀lú ìyá mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ nígbà tí ó wọlé. Ọ̀rẹ́ mi wà lẹ́yìn rẹ̀, àpótí rẹ̀ lórí.

“Ọ̀kun o, Ìyá Olùkọ́.”

“Ọ̀kun, bàbá. Ẹ kú ìrìn. Ará ilé ńkọ́?”

“Wọ́n wà. Olùkọ́ ńkọ́?”

“Wọ́n lọ sí ìjọ abúlẹ̀. Ó di Àbámẹ́ta. Ẹ jókòó, ẹ mu omi.”

Kò jókòó. Ó kọjú sí mi. “Ọmọ Olùkọ́, mo rí ọwọ́ rẹ ní ilé-ìwé. Ìwọ lo ṣe ipò kìíní. O kú iṣẹ́.”

Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, “Ẹ ṣé, bàbá.”

“Ẹ bi í,” ọ̀rẹ́ mi sọ lẹ́yìn rẹ̀. “Mo ní kí ẹ bi í.”

“Mò ń bọ̀ níbẹ̀.” Ohùn bàbá náà kò le. “Ọ̀rẹ́ rẹ ní eré ni ìwé yẹn. Ó ní ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ fúnra yín, pé bọ́ọ̀lù orí ìwé ni. Mo ní, ọmọ tó bá ti fìdí rẹmi, eré ní í pè é. Mo ní, àmì ìjọba ha ń bá ọmọdé ṣeré bí? Ó ní kí n wá bi ọ́. Mo ti wá. Ṣé eré ni?”

Ìyá mi ti dáwọ́ ẹ̀wà dúró. Bí mo bá sọ pé eré ni, wọ́n á bi mí irú eré wo. Màá dárúkọ dáìsì, bẹ́ẹ̀ tẹ́tẹ́ ni bàbá mi ń pe ohunkóhun tó bá ní dáìsì nínú, ó sì ti wàásù lòdì sí i. Wọ́n á bi mí ibi tí mo ti rí bébà. Gbogbo èyí sáré kọjá lọ́kàn mi. Ṣùgbọ́n n kò ní fi ìbẹ̀rù bo ara mi lójú ẹni tó ń ka èyí. Mo wo ojú ọ̀rẹ́ mi, mo sì gbọ́ ẹ̀rín ọjọ́ yẹn létí mi, mélòó lo rí, mélòó lo rí.

Mo ní, “Wọ́n ní kí n kọ ọ́ ni, bàbá.”

Ọ̀rẹ́ mi gbé àpótí rẹ̀ kúrò lórí, ó sì tún un gbé. Ó ní, “Ó dáa. Wọ́n ní kó kọ ọ́.”

Bàbá rẹ̀ mi orí. Ó yọ iṣu kan nínú àpò tó gbé wá fún bàbá mi, ó fi lé mi lọ́wọ́, iṣu tó tóbi jù. Ó gbé ọwọ́ lé mi lórí. “Ọlọ́run á jẹ́ kí o máa wà níwájú. Ọwọ́ rẹ kò ní kọ irọ́ láé.”

Ìyá mi ní, “Àmín.” Èmi náà ní, “Àmín.”

A gún iṣu náà lọ́jọ́ kejì. Mo jẹ nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn tíṣà dé láti Lọ́kọ́ja, wọ́n sì pín èsì. Èmi ṣe ipò keje. Ọ̀rẹ́ mi ṣe ipò kẹta. Tíṣà kíláàsì wa fún mi ní káàdì rẹ̀ pé kí n fi ránṣẹ́ sí i, nítorí bàbá mi máa ń lọ sí ìjọ Òkè-Bùkún. Mo fi káàdì náà sínú ìwé orin mi. Ó wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mò ń sọ fún ara mi lójoojúmọ́ pé ọ̀la ni. Mo ń gbàdúrà lórí rẹ̀ pẹ̀lú, bí ẹni pé Ọlọ́run ni wọ́n fi káàdì rán.

Nígbà tí mo gun ẹ̀yìn máṣíìnì bàbá mi lọ sí Òkè-Bùkún níkẹyìn, wọ́n ti fẹ́ wọlé sáà tuntun. Bàbá ọ̀rẹ́ mi jókòó síwájú ilé, ó ń fi èèkù sí ọkọ́ tuntun. Ó yọ̀ mọ́ wa. Mo béèrè ọ̀rẹ́ mi.

“Ó ti lọ sí Kàdúná. Ẹ̀gbọ́n mi kan ń ṣe wẹ́dà níbẹ̀. Oko kò bá a lára mu, mo sì ní kó lọ kọ́ iṣẹ́. Mo ti bá ọ̀gá rẹ̀ ṣe àdéhùn.”

Mo yọ káàdì náà. Ó gbà á, ó yí i sí ọ̀tún, ó yí i sí òsì. Èèbó ni. Ó dá a padà fún mi. “Kí ni wọ́n wí?”

“Èsì ìdánwò rẹ̀ ni, bàbá. Ipò kẹta ló ṣe.”

Bàbá mi ní, “Ẹ ṣeun, Olúwa,” nítorí kò tíì mọ nǹkan kan.

Àgbẹ̀ náà kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó gbé ọkọ́ sílẹ̀. Ó wò mí pẹ́. Ó wá bi mí ní ìbéèrè kan, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ ní tòótọ́. “Àwọn tó ní kí o kọ ìyẹn, àwọn wo ni?”

Mo ní, “Kò sí, bàbá. Èmi ni.”

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn níbẹ̀: dáìsì, bébà, òfin ẹni kejìlá, ẹ̀rín. Nígbà tí mo ṣe tán, mo ń retí kó lù mí. Mo fẹ́ kó lù mí. Ó kàn ní, “Ọmọbìnrin náà ti gba àyè rẹ̀. Wọ́n ti rán aṣọ fún un. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ níwájú ẹbí ni.” Lẹ́yìn náà, ó sọ ọ̀rọ̀ kan tí kì í ṣe èmi ló ń bá wí, tí kì í ṣe bàbá mi pẹ̀lú. “Mo sì kà á fúnra mi.”

Bàbá mi kò bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi dé Kabba. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, mo rí ìkéde ìjọ lórí pátákó. Ọwọ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ ìyá ló kọ ọ́, wágunwàgun. Bàbá mi kò tún gbé ìkéde fún mi kọ mọ́ títí ó fi kú.

Èyí tí mo rí fún ọdún púpọ̀ lẹ́yìn náà ló dùn mí jù. Àgbẹ̀ náà ń wá sí ìpàdé ìjọ bó ti ń wá tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kọrin, ó ń kọ èyí tó mọ̀ lórí, ìwé orin rẹ̀ wà ní pípadé lórí eékún rẹ̀. Bí Mísà bá parí, ó ń kọjá níwájú pátákó láì yí ojú sí i. Ọmọbìnrin rẹ̀ sọ fún mi pé bí ìwé kan bá dé, ó ń ní kí ẹlòmíràn kà á fún òun, ì báà jẹ́ Yorùbá. Mo gba ilé-ìwé lọ́wọ́ ọmọ. Mo gba ìwé kíkà lọ́wọ́ bàbá. Ohun tí ìjọ fi ọdún mẹ́rin kọ́ ọ ní kíláàsì ìrọ̀lẹ́, ìwé kan ṣoṣo tèmi ló pa á rẹ́.

Ọmọbìnrin náà di nọ́ọ̀sì. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún un. Nígbà tí mo jẹ́wọ́ fún Fadá kan, ó ní kí n wò ó bí Ọlọ́run ti fi ọwọ́ tó ṣẹ̀ ṣe ilẹ̀kùn fún ẹlòmíràn. Mo gba ìdáríjì, mo dúpẹ́. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn yẹn ni n kò gbà. Ọlọ́run lè ṣílẹ̀kùn fún ọmọbìnrin kan láì jẹ́ pé mo pa èyí tó jẹ́ ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dé.

Ìsìnkú àgbẹ̀ náà ló tún mú mi rí ọ̀rẹ́ mi lójúkojú. Mo ti di tíṣà, irun orí mi ti ń funfun. Apá ọ̀tún rẹ̀ kún fún àpá iná wẹ́dà, ojú rẹ̀ pọ́n díẹ̀ bí ojú àwọn tó ń ṣiṣẹ́ náà. Ó jókòó tì mí lórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn tí wọ́n bo ibojì tán.

“Tíṣà.”

“Ọ̀gá wẹ́dà.”

“Wọ́n ní o ń kọ rìpọ́ọ̀tì àwọn ọmọ báyìí. Ṣé o ṣì ń fi ènìyàn sí ìsàlẹ̀?”

Mo ní, “Mo máa ń kà á lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó fi ọwọ́ sí i.”

Ó mi orí. “Mo ń bá líìgì náà lọ ní Kàdúná, ṣé o mọ̀? Ọdún mẹ́fà. Èmi nìkan ni mo ń ju dáìsì fún ẹgbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.”

“Kí ló ṣẹlẹ̀ sí mi?”

“Ẹsẹ̀ rẹ kán ní sáà kẹta.” Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Dáìsì ló wí bẹ́ẹ̀ o, èmi kọ́. Oókan lo jù, oókan, oókan. Mo fẹ́ gbà ọ́, mo kàn rò pé bí mo bá pè é ní mẹ́fà, mo ti dà bí ìwọ.”

Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní òun ti dárí jì mí tipẹ́, àti pé nítorí àdúrà òun fúnra òun ni, kì í ṣe nítorí mi. Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́ sí ibi tí bàbá rẹ̀ sùn sí. “Tiẹ̀ ni n kò mọ̀. N kò bi í, kò sì sọ.” Ó dìde, ó lọ bá àwọn àlejò.

Èmi náà kò mọ̀. N kò ní mọ̀ láyé yìí. Ìwé tó wà lọ́dọ̀ Ọlọ́run nìkan ni mo ń retí, níbi tí kò sẹ́ni tó lè sọ pé wọ́n ní kí òun kọ ọ́.

Ìwọ tí o ka èyí dé ìsàlẹ̀, kí Ọlọ́run pa ojú rẹ mọ́ fún ọ, kí ohun tí o bá fi ìka tọ̀ máa jẹ́ òtítọ́. Kí ọwọ́ tó bá kọ orúkọ rẹ má ṣe ní ìbínú sí ọ. Bí ẹnì kan bá sì gbé ọwọ́ lé ọ lórí láti súre fún ọ, kí ìre náà jẹ́ tìrẹ ní tòótọ́, kí o lè ṣe àmín rẹ̀, kí o sì sùn.